Sí Àjàní, Ṣáńpíọ̀nù Tó Fẹ́ Di Kóòṣì

Turffontein,
Johannesburg.

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Nomsa ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ ọmọ mi tó ń fi Òyìnbó dá mi lóhùn nígbàkígbà tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé inú ń bí ìyá àgbà, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò ní kí n má dín dòdò fún un.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà sí ọ. Bruma tí ò ń gbé kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi níbí. Bí robot, iná ojú pópó wọn yìí, kò bá dá ọ dúró púpọ̀ lójú ọ̀nà, o ti dé. Fóònù sì wà lọ́wọ́ wa méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti gbìyànjú láti fi ẹnu sọ ọ́, ẹkún ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. O rò pé mo ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ ni, o fi ọwọ́ rọ̀ mí léjìká, o ní, "Mummy, it's okay." Kì í ṣe okay, ọmọ mi. Jókòó kí o kà á dé ìparí.

Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí mo wá wo jíìmù tí wọ́n ní kí o wá máa ṣe kóòṣì rẹ̀, inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé. Mo rí àwòrán rẹ lára ògiri pẹ̀lú bẹ́líìtì léjìká. Mo rí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń yà fún ọ lọ́nà. O bi mí pé, "Màmá, ta ló tún máa mọ̀ ọ́n kọ́ ju ẹni tó ti fi gba bẹ́líìtì lọ?" Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin yẹn, Lerato, tí ẹ ní yóò jà lóṣù tó ń bọ̀, wá bá ọ. Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn rẹ ni mo wà, mo sì gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gba ẹ̀ṣẹ́ kan lágbárí níbi ìdánrawò, orí ń fọ́ òun, kò sì lọ. O gbá a léjìká, o ní, "Eish, bó ṣe máa ń ṣe èmi náà nìyẹn. Bí o bá ti gorí ríìngì, á lọ. Shap?"

Ó gbà, ó ní, "Shap, Coach." Ó padà sídìí àpò tó ń lù.

Mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀. O bi mí bóyá orúnkún mi ni. Kì í ṣe orúnkún, Àjàní. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ jáde yẹn, mo ti gbọ́ ọ rí láti ẹnu bàbá rẹ, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí ohun tó tẹ̀lé e ṣẹlẹ̀.

O mọ̀ pé ṣáńpíọ̀nù ni bàbá rẹ ní Èkó kí a tó bí ọ. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ó ṣe kóòṣì rí. Iléṣà lo wà nígbà náà, lọ́dọ̀ màmá mi, èmi àti bàbá rẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Mo rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan, òun sì ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tí àwọn kan mọ ẹni tó jẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sílé wa. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ nípa rẹ lónìí náà ni wọ́n ṣe sọ nípa rẹ̀. Ṣáńpíọ̀nù, ta ló tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ?

Themba ni orúkọ ẹni tó fẹ́ràn jù nínú wọn. Ó ń tọ́jú ẹṣin ní pápá eré ìje, ó sì máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹṣin ta. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ní, opó tó jù wá lọ lọ́jọ́ orí. Lórí tábìlì wa ni Themba ti máa ń jẹun alẹ́. Ó máa ń bi mí nípa rẹ, ó ní, "Ìgbà wo ni àbúrò mi ń bọ̀?" Kò tíì rí ọ rí o.

Bàbá rẹ mọ ẹ̀ṣẹ́, Àjàní. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ mọ̀, ẹnu lè má mọ̀ ọ́n sọ. Bí Themba bá ṣe àṣìṣe, bàbá rẹ á gorí ríìngì, á ṣe é lẹ́ẹ̀kan wàràwàrà, á ní, "Ṣe bí mo ti ṣe é." Themba á wò ó, kò ní rí i, nítorí ó yá ju ojú lọ. Bó bá bèèrè, bàbá rẹ á bínú. Ó máa ń sọ fún mi nílé pé, "Mi ò mọ ohun tó le níbẹ̀." Òótọ́ ló sọ, kò mọ̀ ọ́n. Kò le fún un rí.

Ohun mìíràn tún wà. Ohun tó sọ bàbá rẹ di ṣáńpíọ̀nù ni pé ó lè jẹ ìyà. Wọ́n á lù ú títí, àwọn ènìyàn á máa sunkún fún un, lẹ́yìn náà ni yóò dìde ní ìgbẹ̀yìn tí yóò sì lu ẹni náà bolẹ̀. Orí tirẹ̀ le bí igbá ahun. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ló rí òkun. Ojú Themba kò rí i.

Lọ́jọ́ ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí, mo bá wọn lọ. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra, Themba sọ pé, "Baba, orí ń fọ́ mi." Bàbá rẹ ń fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Èmi náà, orí máa ń fọ́ mi kí n tó jà. Ìjà ló máa ń wò ó sàn." Themba rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó jà dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbé omi fún wọn sọ fún bàbá rẹ pé, "Ṣáńpíọ̀nù, ju aṣọ ìnura sínú ríìngì kí wọ́n dá ìjà dúró. Ó ti tó." Aṣọ ìnura náà wà lọ́rùn bàbá rẹ. Ó dì í mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Mo ti bọ́ nínú èyí tó burú ju èyí lọ. Ẹ fi í sílẹ̀, á bọ́." Kì í ṣe ìkà, ọmọ mi. Mo wo ojú rẹ̀ nígbà náà. Ó gbà á gbọ́ pátápátá pé Themba á bọ́.

Themba kò ṣubú rárá. Aago lù, ó rìn padà, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un. Kò dìde mọ́.

Èmi ni nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí jù. Mo gbé orí rẹ̀ sórí itan mi títí mọ́tò fi dé. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó pẹ́ gan-an kó tó lajú, nígbà tó sì lajú, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ sì ń nira fún un bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga tó jìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ wá sí ilé wa. Bàbá rẹ kò lè wò ó lójú. Mo gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ní, "Mi ò wá bá yín jà. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ọmọ mi sọ kó tó gorí ríìngì."

Bàbá rẹ lè purọ́, kò sí ẹni tó máa jà á níyàn. Kò purọ́. Ó ní, "Ó sọ pé orí ń fọ́ òun."

Obìnrin náà di ẹ̀yìn àga náà mú. Ó wá ní, "Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo bi í léèrè, ó ní kò sí nǹkan kan. Kò sọ fún mi. Ìwọ ló sọ fún. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀? Ṣáńpíọ̀nù ni ọ́. Ó rò pé ìwọ lo máa mọ̀."

Ó yí padà, ó lọ. Àjàní, láti ọjọ́ yẹn ni bàbá rẹ kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Ṣáńpíọ̀nù nílé wa mọ́. O kàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ó kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dànù. Lójoojúmọ́, bó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, á lọ dúró sí ẹnu géètì ilé Themba àti ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kò ṣí i. Kò bú u, kò lé e, kò kàn ṣí i ni. Òjò pa á níbẹ̀, òtútù oṣù kẹfà ìlú yìí tó ń wọ egungun mú un níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá náà ń gbé Themba kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn rẹ̀ gan, kò lè gbé e mọ́. Ó ti ojú fèrèsé rí bàbá rẹ, ó sì ké sí i pé kó wá bá òun gbé e. Bó ṣe wọ ilé náà nìyẹn, kò sì jáwọ́ mọ́ títí tí àìsàn fi dá a dúró.

O bi mí rí bóyá bàbá rẹ ní obìnrin mìíràn, nígbà tí o ti dé láti Iléṣà tí o rí i pé ó ń jáde ní gbogbo ọ̀sán tí kò sì sọ ibi tó ń lọ. Ibi tó ń lọ nìyẹn.

Ibẹ̀ náà ló ti wá di olùkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwà àtijọ́ ló gbé débẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ Themba bí yóò ṣe fi ọwọ́ òsì de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ṣe bí mo ti ṣe é." Themba gbìyànjú títí, ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ padà sílé, kò jẹun. Ó ní kí n bá òun wá aṣọ gígùn kan, kí n so apá ọ̀tún òun mọ́ ara. Mo rò pé orí rẹ̀ ń dàrú. Mo so ó. Ó mú ẹ̀wù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnnì pẹ̀lú ọwọ́ òsì nìkan. Kò lè ṣe é. Òun tó ti na àwọn alágbára bolẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù borí rẹ̀. Ó fi ìka gbé e, ó bọ́. Ó fi eyín mú un, ó bọ́. Nígbà tó yá, ó rí i pé bí òun bá fi àyà ti etí tábìlì kí ẹ̀wù má bàa máa sá, ó ń ṣeé ṣe. Ó ṣe é, ó tú u, ó tún ṣe é, títí ó fi mọ̀ ọ́n sọ lẹ́nu, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ kejì ló lọ kọ́ Themba. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ó dè é." Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń sunkún.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ nìyẹn, Àjàní. Ṣé ẹni tó ti jẹ́ ṣáńpíọ̀nù rí lè jẹ́ kóòṣì tó dára? Ó lè jẹ́ ẹ, bó bá lè so apá ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́líìtì kò fi nǹkan kan hàn ju pé ara tìrẹ lè gba ẹ̀ṣẹ́. Ara tí o ń kọ́ báyìí kì í ṣe ara tìrẹ. Ìka kò dọ́gba, orí náà kò dọ́gba.

Jẹ́ kí n wá tò ó fún ọ bí ó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Èkíní, bí ọmọ tí o ń kọ́ bá bèèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mẹta, má bínú. Lọ sílé, kí o wá ọ̀rọ̀ tí o máa fi sọ ọ́. Bí o kò bá rí ọ̀rọ̀ náà, o kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa, àní bí ọwọ́ rẹ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Èkejì, má fi ìtàn ara rẹ wo àìsàn. Bí àwọn tí o ń kọ́ bá ní nǹkan ń dun àwọn, má sọ bó ṣe ṣe ọ́ rí. Bèèrè ibi tó ti ń dùn wọ́n, bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì dákẹ́ gbọ́. Wọ́n kì í sọ fún ìyá wọn, ìwọ ni wọ́n ń sọ fún. Orúkọ rẹ tó tóbi ló fà á, orúkọ náà sì ni ẹrù tó wà lórí rẹ.

Mọ ìyá Lerato. Lọ sílé wọn, jókòó, mu tíì. Ó rọrùn láti fi ọmọ tí o kò mọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún abala ìjà kan sí i.

Ní ti aṣọ ìnura, má jẹ́ kó wà lọ́rùn rẹ bí ohun ọ̀ṣọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Lẹ́nu ríìngì, ìwọ ni àgbà. Ìwọ ló gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn fún un.

Mo mọ̀ pé o ń bi ara rẹ pé kí ló dé tí a kò sọ gbogbo èyí fún ọ láti ọjọ́ yìí. Bàbá rẹ ló ní kí n má sọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì ń jà. Ó ní bí ìbẹ̀rù bá wọ apá rẹ, apá náà á pẹ́ kó tó gbéra, ìyẹn gan-an ló sì máa pa ọ́. O ti bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ báyìí. Mo ti bọ́ nínú ìlérí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé ó wà ní ọkàn rẹ. Bàbá rẹ kò wá wo ìjà rẹ rí. Ní ọjọ́ tí o gbé bẹ́líìtì wálé, o bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń jowú mi ni?" Kò dá ọ lóhùn, o sì jáde. Nígbà tí mo wọ yàrá, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Bàbá Àjàní, ẹ sọ̀rọ̀ fún ọmọ yín." Ó ní, "Kí ni kí n sọ? Mo mọ ara mi. Bí mo bá jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń lù ú, mi ò ní lè sọ pé ó tó. Màá rò pé á bọ́." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sílé ní gbogbo ìgbà tí o ń jà. Kò ní tan tẹlifíṣọ̀n. Á ní kí n gbé fóònù mi síwájú òun, kò sì ní sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi pè pé o ti parí.

Ìgbàgbé tó dé sí i nígbẹ̀yìn, tí dókítà ní ẹ̀ṣẹ́ tó jẹ nígbà èwe ló fà á, gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbàgbé Èkó. Ó gbàgbé pé òun jẹ́ ṣáńpíọ̀nù rí. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, á dìde, á máa wá bàtà rẹ̀, á ní Themba ń retí òun. Ọkùnrin tí o rí níbi ìsìnkú, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí o bi mí pé ta ni, òun ni. Ìyá rẹ̀ ló dì í lápá mú. Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn lọ, obìnrin náà sọ fún mi pé, "Sisi, àbúrò mi, mi ò dárí jì í ní ọjọ́ kan pàtó. Mo kàn rí i ní ọjọ́ kan pé mo ti ń se oúnjẹ tirẹ̀ mọ́ tiwa." Themba ṣì wà láàyè. Ó ń gbé ní òpópónà kan náà. Mo fẹ́ kí o lọ kí i, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ṣáńpíọ̀nù, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí àbúrò tí Themba ti ń bèèrè kó tó mọ̀ ọ́.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Mi ò ní kí o má ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí jíìmù tó ṣí, mú Lerato lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò. Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa rí. Ó lè máà sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá sì ní kó má jà, dá ìjà náà dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì á bú ọ. Àwọn tó fún ọ ní iṣẹ́ á bínú, wọ́n lè gbà á padà. Lerato pàápàá á sunkún, á sọ pé o ba ayé òun jẹ́. Wọ́n á pè ọ́ ní ojo, ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò pè bẹ́ẹ̀ rí.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máa bọ̀ nílé. Má pè kí o tó wá. Màá gún iyán, a óò jẹun, mi ò sì ní bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan nípa ìjà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé pé ilé wà fún ẹni tó bá ju aṣọ ìnura sílẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.